Ẹyẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa, àwọn kan ń ka ọjọ́ dè é lókè òkun

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún bá ń parí lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa eruku ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹyẹ kan a máa dínkù lójú sánmọ̀ láìsí ẹni tó fura. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló ń lọ o. Àwọn kan jẹ́ onílé, tí wọ́n ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé àti sábẹ́ afárá. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn ni àlejò inú wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aṣọ aró, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ sì là sí méjì bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Kì í yé ẹyin lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ ló wá jẹ nígbà tí òtútù gba ilẹ̀ Yúróòpù, bí òtútù náà bá sì ti lọ, òun náà a máa padà sílé.

Bí ó ti ń di àwátì níhìn-ín ni àwọn kan ń jí lọ sétí odò ní Ìlú Ọba kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn. Olùkọ́ wà nínú wọn, awakọ̀ wà nínú wọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń pe àsìkò náà. Ní ìparí oṣù kẹta ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń yọjú ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n ń gbọ́ ohùn cuckoo, ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹlúùlú tiwa. Ẹni tó bá rí ọ̀kan yóò kọ ọjọ́, ibi àti iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Lójú ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀, ó lè dà bí iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń kọ yìí ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá rí, ohun kan nínú rẹ̀ sì kan ilẹ̀ Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n.

Àṣà náà ti pẹ́. Ní ọdún 1736, ọkùnrin onílẹ̀ kan ní agbègbè Norfolk, Robert Marsham, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bá kọ́kọ́ dé àti ọjọ́ tí igi bá rúwé. Nígbà tí ó kú, ìdílé rẹ̀ ń bá a lọ láti ìran dé ìran títí di ọdún 1958. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ní ayé Marsham, wọn kò tíì mọ ibi tí ẹyẹ wọ̀nyí ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Lọ́dún 1822, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ Áfíríkà tó gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti gún un níhìn-ín, ó sì gbé ọ̀kọ̀ náà fò dé ilé. Ó ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní, tòun ti ọ̀kọ̀ lọ́rùn. Ní ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún 1911 ni lọ́yà kan ní Staffordshire, John Masefield, fi òrùka kékeré tó ní nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà mú ní Natal, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Ẹyẹ tí kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ ti la gbogbo Áfíríkà já.

Bí wọ́n ṣe ń ta ara wọn lólobó náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí fóònù alágbèéká tó dé, ilé oúnjẹ kékeré kan wà ní abúlé Cley ní Norfolk, tí wọ́n ń pè ní Nancy's Café. Tẹlifóònù ibẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó bá jókòó sún mọ́ ọn ni yóò gbé e, tí yóò sì sọ fún ẹni tó ń pè láti òkèèrè irú ẹyẹ tó dé lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní gbígbóná, ó yẹ kó jókòó síbi tó jìnnà sí fóònù náà. Wọ́n ti ilé oúnjẹ ọ̀hún pa ní 1988. Láti ọdún 2004 ni ètò kan tó ń jẹ́ BirdTrack ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń tètè dé Ìlú Ọba ju ti àwọn ọdún 1960 lọ ní bí ọjọ́ 15.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí ohun tí ojú ẹnì kan ṣoṣo rí? Irọ́ ti wọ inú ìwé yìí rí. Láàárín ọdún 1892 sí 1930, ẹyẹ àjèjì pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu nínú àkọsílẹ̀ agbègbè Hastings. Ní 1962, ìwé ìròyìn British Birds tú ọ̀rọ̀ náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́ kúrò nínú ìwé. Lóde òní, agbègbè kọ̀ọ̀kan ní akọ̀wé ẹyẹ tirẹ̀ tí kò gbowó oṣù. Ẹni tó bá ní òun rí ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ní láti ṣàpèjúwe ìyẹ́, ohùn àti ìṣe rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló ti bínú síra wọn lórí èyí.

Ìgbà ìrúwé ọdún 1969 ló fi iyì iṣẹ́ náà hàn. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní whitethroat, ìyẹn ọlọ́fun-funfun, tó ń kọrin nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún etí oko káàkiri Ìlú Ọba. Lọ́dún náà, olúkúlùkù dúró létí igbó tó ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan lè rò pé àgbẹ̀ ló gé ẹ̀gún oko òun, ẹlòmíràn lè ní òjò ló dá ẹyẹ dúró. Àfìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ ibẹ̀, British Trust for Ornithology, fi ìwé gbogbo wọn wéra ni òtítọ́ jáde: nínú 100 tó wà lọ́dún 1968, bí 77 kò sí mọ́. Wọ́n wádìí oko, wọ́n wádìí oògùn kòkòrò. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti rí ìdí rẹ̀. Ẹyẹ yìí máa ń lo ìgbà òtútù ní Sahel, ilẹ̀ pápá tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal kọjá òkè ọya ilẹ̀ wa lọ sí Chad. Ọ̀dá ti dá níbẹ̀ lọ́dún 1968. Ọ̀dá yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìyàn tó pa ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohùn tó dákẹ́ létí oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ròyìn rẹ̀ kí ayé tó máa gbọ́ orúkọ Sahel.

Ní 2011, wọ́n gbé ẹ̀rọ tín-ínrín tí sátẹ́láìtì ń tọpa rẹ̀ lé ẹ̀yìn cuckoo márùn-ún. Wọ́n rí i pé inú igbó Congo ni wọ́n ń lọ, àti pé kí wọ́n tó ré Sàhárà kọjá padà sílé, wọ́n ń yà sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti jẹ kòkòrò tí òjò àkọ́rọ̀ tiwa bá jí dìde. Ẹyẹ ọ̀hún ti dínkù ju ìdajì lọ ní Ìlú Ọba láti àwọn ọdún 1980.

Ìdajì ìwé ìròyìn ẹyẹ wọ̀nyí, níbí ló yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́, àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì pọ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìgbà tí ẹyẹ ń dé. Ọmọdé wo ni kò tíì na ọwọ́ sí lékeléke rí, tó ń tọrọ èékánná funfun nígbà tí wọ́n bá dé pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn? A mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a kì í kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, J. H. Elgood kó ohun tí òun àtàwọn mìíràn rí jọ sínú ìwé lórí ẹyẹ Nàìjíríà tó jáde ní 1982. Ní Ebbaken, nítòsí Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ ń sùn sórí òkè kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará abúlé fi ń fi àtè mú wọn jẹ kó tó di pé àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹran ọ̀fẹ́ ni lójú ẹni tí ebi ń pa, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi jù.

Láti 2015 ni àwọn olùwo-ẹyẹ ti ń ṣe àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Ẹni tó bá gba igun kan yóò lo ó kéré tán wákàtí 2 níbẹ̀, yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwé tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ náà wúlò, nítorí ẹni tó bá wo ojú ọ̀run fún wákàtí 2 ní oṣù kẹrin tí kò sì rí i, òun ló lè sọ pé ó ti lọ.