Yunifásítì Ifẹ̀: Ilé Tó Fẹ̀ Lókè Ju Ìsàlẹ̀ Lọ

Lọ́dún 1960, ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn láti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà yẹ̀wò, dámọ̀ràn pé kí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àríwá, ní Ìlà-Oòrùn àti ní Èkó. Wọn ò dárúkọ Ìwọ̀-Oòrùn, torí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà níbẹ̀. Ṣànyà Ọnàbámirò, ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kò gbà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà ò gbà. Oṣù Òkúdù 1961 ni òfin Yunifásítì Ifẹ̀ jáde. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1967.

Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé láti Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya àwòrán àwọn ilé ọgbà Ilé-Ifẹ̀ náà fún. Eldar ọmọ rẹ̀ àti Harold Rubin wà lára àwọn tó bá a ṣe é.

Àwọn ilé Humanities ló máa ń kọ́kọ́ gba ojú àlejò. Ìsàlẹ̀ wọn rí tínrín, àjà kọ̀ọ̀kan sì yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní píramídì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni. Èmi ò mọ ohun tí Íjíbítì ń wá níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lókè orí ẹni gan-an, nítorí náà àjà òkè a ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, kò sì ní í rọrùn fún ọ̀wààrà òjò láti fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ ilé ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn òpó, atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ìrònú yẹn. Bí mo bá wo àwọn ilé onígíláàsì tí à ń kọ́ káàkiri báyìí, tó ń gbóná bí ààrò, ó dà bíi pé a ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Gbọ̀ngàn Odùduwà náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá ìwòran onípele tí wọ́n ń pè ní Amphi. Àsìkò Hezekiah Olúwasanmí, gíwá láti 1966 sí 1975, ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé.

Ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí 1987, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà kan rí, ni ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì náà. Síbẹ̀, Great Ife ni àwọn tó kàwé níbẹ̀ ṣì ń pè é.