Ìhá àti Èèpo Ẹkùrọ́ Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ńlá

Kò sí ìyá elépo kan tí ó ń dúró kí ẹnìkan kọ́ òun pé ìhá ń jó. Bí ó bá ti yọ epo tán, yóò sá ìhá náà, yóò sì fi dáná se ẹyìn ọjọ́ mìíràn. Òun náà ni àwọn baba wa ń dì ní ògùṣọ̀ rìn lóru. Alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ kò fi èèpo ẹkùrọ́ ṣeré, nítorí pé iná rẹ̀ mú púpọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí irú àjẹkù bẹ́ẹ̀ ṣe ń fúnni ní ìgbóná àti iná mànàmáná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ilé iṣẹ́ epo pupa ńlá, nínú 100 kìlógíráàmù ìdì ẹyìn tí a bá kó wọlé, nǹkan bí 13 yóò di ìhá, nǹkan bí 6 yóò sì di èèpo ẹkùrọ́. Méjèèjì ni a ń dà sínú ààrò abẹ́ bọ́ílà, èyí tí í ṣe ìkòkò irin ràgàjì tí a dé pa. Omi inú rẹ̀ yóò hó, yóò di ooru. Ooru náà kò sì rí ọ̀nà gbà àfi èyí tí a là fún un. Yóò fi agbára tú lu abẹ̀bẹ̀ irin tí à ń pè ní tọ́báìnì, tọ́báìnì yóò máa yí, yóò sì máa yí ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ṣì kù. Ooru tí ó ti yí tọ́báìnì kò tíì tutù. Inú àgbá irin tí a kó ìdì ẹyìn tuntun sí ni a ń darí rẹ̀ sí, kí ó se wọ́n títí ẹyìn yóò fi rọ̀, tí yóò sì máa já kúrò lára ìdì. Bí ó bá ṣe iná mànàmáná nìkan ni a ń wá, èyí tí ó ju ìlàjì ìgbóná náà lọ ni ì bá ṣòfò.

Àwọn ará Växjö ní ilẹ̀ Swídìn, ìlú olótùútù tí igbó yí ká, mọ èyí dáadáa. Ní 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi igi rọ́pò epo rọ̀bì ní ilé iṣẹ́ ìgbóná wọn: ẹ̀ka, èèpo igi, àti àjẹkù ilé ìlagi. Omi gbígbóná ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé onílé. Ní 1996 ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti jáwọ́ nínú epo rọ̀bì àti èédú.

Kì í ṣe gbogbo àjẹkù ni ó yẹ fún ààrò. Ìdì òfìfo tí a ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ kún fún omi tó bẹ́ẹ̀ tí iná yóò kọ́kọ́ jìyà gbígbẹ rẹ̀. Ó sàn kí a dá a padà sí ìdí ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni pàǹtírí ìlú tí ó kún fún èèpo iṣu àti ewé tútù.

Èèpo ẹkùrọ́ ti wá di ọjà ńlá báyìí. Ilẹ̀ Jàpáàn ń rà á láti Indonesia àti Malaysia fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Owó dára, a kò ní í bá owó jà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó bá ta èèpo rẹ̀ tán yóò wá nǹkan mìíràn dá sábẹ́ bọ́ílà, alágbẹ̀dẹ tí ń gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, ẹni tí kò bá sì lè rà á yóò gbé àáké wọ inú igbó.