Ṣé O Mọ̀? Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Sọ Pé Ẹnì Kan Bí Ẹlòmíràn Nínú

Ṣé o mọ̀ pé "annoy" kì í ṣe "bínú"? "Bí èèyàn nínú" ni. Ẹni tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé "Don't annoy" fẹ́ sọ pé "Ẹ má bínú", àmọ́ létí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló ní kí ọ̀gá má máa bí èèyàn nínú. "Please don't be angry" ló yẹ kó sọ.

Ṣé o mọ̀ pé "vex" náà rí bẹ́ẹ̀? Nínú Pidgin, ẹni tó bá "vex" ló ń bínú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ajúmọ̀lò, ẹni tó bá "vex" rẹ ló bí ọ nínú.

Ṣé o mọ̀ pé ìparí ọ̀rọ̀ lè yí ẹ̀bi padà? "I am annoyed": inú ń bí mi. "I am annoying": èmi gan-an ni mò ń bí àwọn èèyàn nínú. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí o tó fi lẹ́tà ẹ̀sùn ránṣẹ́!

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bíbíni nínú ò wúwo bákan náà? "Irk" àti "annoy" fúyẹ́. Fóònù tó dún láàárín ìwàásù tó bẹ́ẹ̀. "Exasperate" ni pé sùúrù ti tán. "Infuriate" àti "enrage" le jù: ojú ti pọ́n, ara ti ń gbọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé "nettle" jẹ́ orúkọ ewéko kan tó ń jó ara bíi wèrèpè? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe "nettle", ìyẹn kí á bí èèyàn nínú, ti wá.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá fi ohùn tẹ ìbẹ̀rẹ̀ "incense", tùràrí lo pè? Bí o bá tẹ ìparí rẹ̀, o ti sọ pé a bí ẹnì kan nínú gidigidi. Ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ títanná ran nǹkan ló bí méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé "aggravate", tí wọ́n tún ń lò fún kí á bí èèyàn nínú, wá látinú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí á mú nǹkan wúwo? Abájọ tí àwọn dókítà fi ń lò ó fún ohun tó mú kí àìsàn le sí i.

Ṣé o mọ̀ pé "tick off" nílẹ̀ Bírítéènì ni kí á bá èèyàn wí, àmọ́ ní Amẹ́ríkà, kí á bí i nínú ni? Bí ọmọ rẹ ní Houston bá sì ní "You made me mad", o bí i nínú ni. Kò sọ pé o yà á ní wèrè.

Ẹni tó mọ ẹni tó ń bíni nínú yàtọ̀ sí ẹni tí inú ń bí, tó sì mọ bí ìbínú náà ṣe wúwo tó, ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń tètè yé olùgbọ́.