Ferrari Méjì Tó Di Ọkọ̀ Adóòlà Ẹ̀mí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Àtijọ́ Olówó Gọbọi Ṣàánú

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé dé lónìí, àmọ́ kì í ṣe tòkunbọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn olówó ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni: Ferrari, Jaguar, Mercedes tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí owó rẹ̀ ń gòkè dípò kó máa wálẹ̀. Tẹ́nì kan bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàánú, ṣé kó kàn gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn ni? Èló ló máa dé ọwọ́ ẹni tó nílò ẹ̀?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Richard Colton. Nígbà tó kú lọ́dún 2015, ó fi Ferrari méjì sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ fún RNLI, àjọ tó ń dóòlà ẹ̀mí àwọn tó bá kó sínú ewu lórí òkun. Àjọ yìí ti wà láti 1824, ọrẹ aráàlú ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kìíní jẹ́ 250 GT SWB ti 1960, èkejì jẹ́ 275 GTB/4 ti 1967.

Kí ni àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi fẹ́ fi Ferrari ṣe? Títà ni. Àmọ́ wọn ò tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó wá nájà. Ilé iṣẹ́ gbàǹjo tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ dunjú ni wọ́n gbé e fún. Ní October 2015, wọ́n lu gbàǹjo ní Duxford, owó méjèèjì sì tó nǹkan bíi £8.5 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ adóòlà ẹ̀mí kan wà ní Hastings lónìí tí orúkọ Richard àti Caroline ìyàwó rẹ̀ wà lára ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ọkọ̀ kọ́ ni ọrẹ. Ohun tí ọkọ̀ náà bá dà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi sílẹ̀ ni ọrẹ.

Amẹ́ríkà ńkọ́?

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston tàbí Maryland máa ń gbọ́ ìpolówó yìí lórí rédíò: fi mọ́tò rẹ tọrẹ, a máa wá wọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àjọ aláàánú kọ́ ló ń wá gbé e. Ilé iṣẹ́ alágbàtà kan ló máa wọ́ ọ lọ sí gbàǹjo àwọn oníṣòwò mọ́tò, tí wọ́n á tà á mọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ mìíràn, tí alágbàtà á yọ tiẹ̀, kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ àjọ. Tó bá jẹ́ Corolla tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú, kò burú. Àmọ́ ẹni tó wá ra ọkọ̀ tó máa tún tà lọ́la kò ní sanwó ìtàn tó wà lára Jaguar 1965.

Owó orí tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, olùtọrẹ lè fúnra ẹ̀ díye lé ọkọ̀, kó yọ iye yẹn kúrò nínú owó tó wọlé fún un kí wọ́n tó bu owó orí lé ìyókù. Látọdún 2005, òfin ti yí padà. Bí iye tẹ́ ẹ fẹ́ yọ bá ju $500 lọ, tí àjọ náà sì ta ọkọ̀, iye tí wọ́n tà á gan-an lẹ lè yọ. Àyàfi tí wọ́n bá lò ó dáadáa fún iṣẹ́ àánú wọn kí wọ́n tó tà á, tí wọ́n tún un ṣe débi tówó ẹ̀ fi gòkè, tàbí tí wọ́n gbé e fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ta ló sì máa fi Jaguar 1965 pín oúnjẹ fáwọn arúgbó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yín tó $60,000, wọ́n wá tà á ní $18,000. $18,000 ló pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè yọ. Tó bá jẹ́ 24% lẹ̀ ń san lórí owó yín, owó orí yín ò lè fi ju $4,320 lọ dín kù, ìyẹn tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ti pàdánù $42,000, ká má tíì ka owó alágbàtà.

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀

Àkọ́kọ́, ṣé ìjọba mọ àjọ náà? Ẹ lè yẹ orúkọ ẹ̀ wò lórí ìkànnì IRS látorí fóònù.

Èkejì, ta ló máa tà á, níbo, èló ló sì máa yọ? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọn ò bá lè gbé e lọ sí gbàǹjo ọkọ̀ àtijọ́, ẹ wá àjọ míì. Ẹ tún lè fúnra yín tà á, kẹ́ ẹ fowó tọrẹ, àmọ́ owó orí lè wà lórí èrè tẹ́ ẹ bá jẹ.

Ẹ̀kẹta, ìwé. Ẹ yí orúkọ lórí ìwé ọkọ̀ padà kúrò ní tiyín. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀, kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù 1098-C láàárín 30 ọjọ́. Ẹ tún kó rìsíìtì mẹkáníìkì àti fọ́tò àtijọ́ mọ́ ọn, torí ìtàn ọkọ̀ ń fi kún owó ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má sáré kun ún lọ́dà tuntun. Ọ̀dà tó bá ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́ làwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń wá.

Ilé iṣẹ́ Mercedes pàápàá mọ̀ ọ́n. Ní May 2022, wọ́n ta 300 SLR Uhlenhaut Coupé ti 1955, ọ̀kan nínú méjì péré tí wọ́n ṣe, ní mílíọ̀nù 135 owó Euro, wọ́n sì ní owó náà máa lọ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọ̀dọ́. Ká ní wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn fún ilé ẹ̀kọ́ kan ni, inú gáréèjì ni ì bá wà.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí lókè òkun tó ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí alágbàtà tó débẹ̀.