Ìgbé-Ayé Ọ̀dọ́ Tí Jẹjẹrẹ Ọpọlọ Ń Bá Jà

Jẹjẹrẹ ọpọlọ ni kókó tó ń hù nínú ọpọlọ, tó ń dàgbà, tó sì ń wọ inú ẹran ọpọlọ tó yí i ká. Ìpele mẹ́rin ni àwọn dókítà pín kókó inú ọpọlọ sí. Èyí tó bá wà ní ìpele 3 àti 4 ló máa ń yára dàgbà. Láàárín ọ̀dọ́ tó ti lé lógún ọdún, irú tí wọ́n ń pè ní glioma ló wọ́pọ̀ jù. Àìsàn yìí kì í ràn: ẹni tó bá aláìsàn jẹun nínú abọ́ kan náà kò lè kó o.

Ẹ̀fọ́rí tó máa ń le láàárọ̀, èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì àti apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó ń rọ wà lára àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, wárápá tí kò ṣe wọ́n rí láti kékeré ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí ẹbí lè máa wá ọ̀tá tí wọ́n rò pé ó fi wárápá náà ṣe é kiri fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán orí ọmọ náà.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá: láti 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Lẹ́yìn abẹ, wọ́n lè fi ìtànṣán tọ́jú orí náà, lọ́pọ̀ ìgbà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà kò pọ̀, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn ní láti wá ilé tí yóò máa gbé àti owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìtànṣán bá gbà kọjá nìkan ni irun ti máa ń re.

Oògùn wárápá ló gba ìṣọ́ra jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí aláìsàn bá fo ìgbà kan péré, wárápá lè padà dé. Kí ó fi aago fóònù rán ara rẹ̀ létí, kí ó sì ra òmíràn kí èyí tó wà nílẹ̀ tó tán. Àìsùn àti ọtí pẹ̀lú máa ń fa wárápá, nítorí náà ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì àti àríyá tó ń mọ́jú kò bá a mu. Kó tó gba ààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù alára yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú rẹ̀. Dexamethasone, oògùn tó ń fa wíwú ọpọlọ wálẹ̀, máa ń mú kí ojú wú, kí ebi sì máa pani lóru. Síbẹ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.

Bí wárápá bá gbé e, kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n sì wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn kíákíá ni. Kò yẹ kí wọ́n ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n da ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun tàbí kí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ìwà wọ̀nyí ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ẹni tí wárápá ń gbé kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà, kò gbọdọ̀ dá nìkan fa omi kànga, kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí.

Àárẹ̀ tó ń tẹ̀lé ìtọ́jú yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú aráyé tún lè máa gbàgbé nǹkan: ó lè lọ sọ́jà láti ra nǹkan mẹ́ta, kó bọ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, tàbí kí ọ̀rọ̀ dá mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ó máa kọ nǹkan sínú ìwé kékeré, kí ó ṣe iṣẹ́ tó le láàárọ̀, kí ó sì sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Ó lè bẹ ilé ìwé fún àfikún àkókò ìdánwò. Bí àìsàn náà bá sọ ọ́ di abarapá, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni àwọn ènìyàn sábà ń tijú láti sọ. Temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbé mì, lè ba àtọ̀ ọkùnrin àti ẹyin obìnrin jẹ́, lílóyún lásìkò tí wọ́n ń lò ó sì léwu fún ọmọ inú. Wọ́n lè fi àtọ̀ tàbí ẹyin pamọ́ sínú òtútù líle ní ilé ìwòsàn tó ń ṣe é. Kí ọ̀dọ́ náà, tàbí ìyá tó bá a wá, béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà kó tó gbé kápúsù àkọ́kọ́ mì.