Ère aránṣọ fún aṣọ àtijọ́

Ère aránṣọ, tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ń pè ní dọ́mì, jẹ́ ère tí a ṣe ní ìrísí ara ènìyàn láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ìdí, tí a sì gbé ka orí òpó. Àwọn aránṣọ ń gbé aṣọ lé e lórí kí wọ́n lè mọ bí yóò ti rí lára ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì ń fi í ṣàfihàn aṣọ. Ní ti aṣọ àtijọ́, yíyan ère gba ìṣọ́ra. Bí ère bá tóbi ju aṣọ lọ, aṣọ tí kò ní ìkejì lè ya. Bí ìrísí rẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí ti ìgbà tí a rán aṣọ náà, àwọn olùwòran yóò gba ìtàn tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́.

Ìrísí ara láti ìgbà dé ìgbà

Ìwọ̀n ara àwọn ènìyàn òde òní ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ère tí ó wà lọ́jà. Ní Yúróòpù àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, aṣọ abẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń fún ara obìnrin ní ìrísí kí ó tó wọ ti òkè. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, aṣọ abẹ́ líle tí wọ́n ń so mọ́ra pinpin ń jẹ́ kí ara fẹ̀ lókè, kí ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí àrọ. Láti nǹkan bí 1856, kirinólínì, ìyẹn yẹ̀rì tí a fi àwọn òrùka irin ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí síkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ yíká. Ní àwọn ọdún 1870 àti 1880, fífẹ̀ náà ti sún sí ẹ̀yìn ìdí. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1920, aṣọ tí ó gbòde ń wálẹ̀ tààrà láti èjìká, láìfún níbi ìgbànú.

Àpẹẹrẹ kan ni àwòrán Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá láti Ẹ̀gbádò tí ó wà lábẹ́ ààbò Ọbabìnrin Victoria. Camille Silvy ya àwòrán rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1862, ọdún tí ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú àwòrán náà fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Bí a bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ka ère òde òní láìfi ohunkóhun gbé abẹ́ rẹ̀ ró, yóò rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa wọ́lẹ̀.

Yíyan ère

Aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n: inú àyà, ibi ìgbànú, fífẹ̀ ẹ̀yìn láti èjìká kan dé ìkejì, àti gígùn ẹ̀yìn láti ọrùn dé ibi ìgbànú. Ère tí ó kéré ju aṣọ lọ ní gbogbo ibi wọ̀nyí ni ó yẹ kí a yàn, nítorí pé ó rọrùn láti fi kún ère kékeré ju láti dín ère ńlá kù lọ. Èjìká ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé èjìká ère òde òní sábà máa ń fẹ̀ ju ti aṣọ àtijọ́ lọ. Nígbà mìíràn, ère ọmọdé ni ó máa ń bá aṣọ àgbàlagbà mu.

Àwọn ère kan wà tí a lè yí kọ́kọ́rọ́ wọn kí wọ́n lè fẹ̀ sí i. Wọ́n wúlò fún aránṣọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan ni wọ́n ń yí padà. Wọn kì í yí ìrísí padà.

Ṣíṣe àtúnṣe sí ère

Òwú pọlièsítà pẹlẹbẹ ni a sábà máa ń rán mọ́ ère ní ìpele ìpele, tí a ó sì fi aṣọ òwú tí ó ń fà bò ó kí ara rẹ̀ lè dán. Fún ìrísí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ó fi kún àyà àti ìdí, a ó sì fi ibi ìgbànú sílẹ̀ ní tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ni yẹ̀rì yóò wọ ère, kí a tó wọn gígùn síkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bí abẹ́ bá ti fẹ̀ tó ni etí ìsàlẹ̀ yóò ti gòkè tó.

Ìyàtọ̀ láàrin ìránṣọ àti ìṣàfihàn

Aránṣọ tí ó ń ṣe ẹ̀dà aṣọ àtijọ́ lè gún pínnì mọ́ ère, kí ó gé aṣọ, kí ó sì tún un gé. Bí ènìyàn kan yóò bá wọ ẹ̀dà náà, ìwọ̀n ẹni náà nígbà tí ó wọ aṣọ abẹ́ líle ni a ó fi ṣe ère. Àwọn ìwé *Patterns of Fashion* tí Janet Arnold ṣe wúlò fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé láti ara aṣọ àtijọ́ gan-an ni ó ti ya bátànì wọn.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, a kì í fi ipá wọ aṣọ fún ère. Ẹ̀dà tí a fi aṣọ òwú funfun rán ni ó dára kí a fi dán ère wò. Fóòmù ibùsùn kò yẹ fún ìfikún, nítorí pé bí ó bá gbó, yóò pọ́n, yóò sì máa rún sára aṣọ. Fóòmù polyethylene sàn jù ú lọ.

Aṣọ tí kò nílò ère

A kì í rán agbádá mọ́ ara bí àwọn aṣọ Yúróòpù tí a mẹ́nu bà lókè. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, pẹrẹsẹ ni yóò wà. Lórí ère, yóò ká jọ, díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò sì fara sin. A lè ki ọ̀pá tí a fi aṣọ wé bọ apá rẹ̀ méjèèjì, kí gbogbo iṣẹ́ náà lè hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò lè fi bí ọkùnrin ti ń ká a sí èjìká hàn. Nítorí náà, ohun tí ìṣàfihàn fẹ́ kọ́ni ni yóò sọ bóyá ère tàbí ọ̀pá ni ó yẹ.