Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Ewé Elú?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí aró ṣàjèjì sí. Àwọn ìyá wa a máa já ewé elú, wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n roboto, wọn a sì sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá ti aṣọ bọ inú ìkòkò náà tí a sì yọ ọ́ jáde, yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tútù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, yóò di àwọ̀ aró. Ìmọ̀ kẹ́místírì pọ́ńbélé ni èyí, bí àwọn ìyá wa kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, bá wa rò lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó mọ inú ewé ni ó ń kó èrè rẹ̀ lọ.

Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbà pé ohun tí ewé tàbí ara ẹranko bá ń pèsè, ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe é. L'ọ́dún 1828, Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ṣe yúríà, ohun kan tí ń bẹ nínú ìtọ̀, láìlo ìtọ̀ rárá. L'ọ́dún 1865, Adolf von Baeyer, ará Jámánì bákan náà, bẹ̀rẹ̀ sí wádìí aró. Nígbà tí ó fi di 1880, ó ti rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é láìlo ewé. Ní 1883 ó sì ti mọ bí a ti to inú rẹ̀: kábọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2 àti ọ́síjìn 2. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà Baeyer wọ́n ju ewé lọ. Nǹkan bí ọdún 17 àti mílíọ̀nù 18 owó máàkì ni ilé-iṣẹ́ BASF ná kí aró rẹ̀ tó dé ọjà ní 1897. Wọ́n ní ohun tí a fi ń wọn ooru ni ó fọ́ sínú ásíìdì àti naphthalene, irú èyí tí a ń fi sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mákúrì inú rẹ̀ sì mú kí iṣẹ́ náà yá kánkán. Àwọn kan yóò pe èyí ní oríire. Àwa wí pé ẹni tí ó ti ń ṣọ́ ìkòkò tipẹ́ ni oríire ń bá nílé.

Kí ni ó dé bá àwọn àgbẹ̀? Ní 1897, aró tí a rí láti inú ewé ní gbogbo ayé jẹ́ 19,000 tọ́ọ̀nù. Ní 1914, kò ju 1,000 lọ. Íńdíà ni ó fara gbá a jùlọ. Nígbà tí ó ṣe, aró òyìnbó wọ ìkòkò tiwa náà. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti sódà òyìnbó dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti àwọn aláṣẹ l'Abẹ́òkúta.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Aró ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ kẹ́míkà líle tí yóò yọ́ ọ, èyí sì ń ba omi odò jẹ́. Ní 1983, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà mú kí kòkòrò bakitéríà máa pèsè aró. Ní 2018, àwọn mìíràn ní Kalifọ́níà kọ́ bakitéríà láti fi ṣúgà bo aró inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ewé aró kan ní Japan ti ń ṣe, kí a lè rẹ aṣọ láìlo kẹ́míkà líle náà. Ẹ wò ó! Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ọ̀mọ̀wé padà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ewé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà, kí ìjọba pèsè yàrá kẹ́místírì tí ó ní irinṣẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó má ṣe jẹ́ ilé òfìfo tí a kọ orúkọ sí lára. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ gbé ìkòkò aró wọ kíláàsì. Ẹ pe ìyá aláró kan wá, kí àwọn ọmọ bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n sì wá ìdí tí aṣọ fi ń yí àwọ̀ padà lójú wọn. Elú nìkan kọ́ ni ewé tí ń bẹ nínú igbó wa. Bí a kò bá kọ́ ọmọ wa láti mọ inú wọn, àlejò yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì tún gbé e wá tà fún wa.